Ààlè Ológbò Òkè-Òṣùpá

Ní ọjọ́ tí wọ́n ri ààlè mọ́ inú ọgbà Òkè-Òṣùpá, kò dún, kò tan iná, kò sì rùn. Òpó irin méje ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, dígí kan tí kò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ sì wà lórí rẹ̀. Àwọn ará ìlú dúró lẹ́yìn wáyà, wọ́n ń wòran. Ológbò mọ́kànlá ló wà nínú ọgbà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ń fi èékánná tú ebè ẹ̀fọ́. Dókítà Ìbídùnní, obìnrin tó ṣe ààlè náà, fi ìka kan dígí òpó kìíní. Mẹ́wàá nínú àwọn ológbò náà fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tí ilẹ̀ jó lẹ́sẹ̀, wọ́n gba abẹ́ wáyà jáde, wọn kò wẹ̀yìn. Ìkọkànlá kò sá. Abo arúgbó kan ni, tí etí rẹ̀ kan ti ya. Ó dojú kọ òpó náà, ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ ké, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi ṣubú. Nígbà tí Àjàgbé, olùtọ́jú ọgbà, fọwọ́ kàn án, ó ti kú. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àjàgbé náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìkà ni wọ́n, ó yẹ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Orí òṣùpá ni Òkè-Òṣùpá wà. Ọmọ Yorùbá ló tẹ̀ ẹ́ dó lábẹ́ òrùlé dígí ńlá kan, lẹ́yìn òrùlé yẹn kò sí afẹ́fẹ́, kò sí omi, kò sí ohun tó ń mí. Irin ni ilẹ̀ ìlú náà láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Inú ọgbà nìkan ni erùpẹ̀ wà, erùpẹ̀ gidi tí wọ́n fi àpò rù wá láti ilé ayé, tí Àjàgbé sì ti ń ro fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Àwọn eku ti bá àpò erùpẹ̀ náà wọ̀lú, wọ́n ń jẹ wáyà, ni wọ́n bá kó ológbò wá. Ológbò pa eku tán, wọ́n sì ń bí sí i. Ológbò kì í sì í ṣu sórí irin. Ibi tó rọ̀ ló ń wá, tí yóò gbẹ́, tí yóò sì bò.

Àjàgbé ti ṣe gbogbo ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe. Ó da èèpo ọsàn sí ẹsẹ̀ ebè. Ó fi ẹ̀gún òroǹbó ṣe ọgbà yí ilá ká. Ó wọ́n ata gbígbẹ sílẹ̀, ológbò kan sì jókòó lé ata náà lórí, ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe tirẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹ̀rín. Kòkòrò kan wà nínú ìgbẹ́ wọn tó ń gba ara ẹ̀fọ́ wọ inú aláboyún. Ọmọ méjì ti wáyé nílùú náà tí ojú wọn kò ríran. Èyí tó burú jù ni ti ibi ọmọ. Inú ọgbà ni wọ́n ń sin ibi ọmọ sí, torí kò sí ilẹ̀ mìíràn. Ní ọdún tó kọjá àwọn ológbò hú ibi ọmọ kan jáde, wọ́n wọ́ ọ kiri orí irin níṣojú gbogbo ayé. Àtọmọdọ́mọ Baba Lánipẹ̀kun, olórí ìlú, ló ni ibi náà. Ọmọ ọ̀hún kò pé ogúnjọ́ tó fi kú. Ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n hú ló fà á, ó lè má jẹ́ òun. Kò sí ẹni tó fẹ́ dán an wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà náà ni Dókítà Ìbídùnní sọ pé òun lè ṣe ààlè. Ní ilé ayé àtijọ́, àgbẹ̀ a so àkísà àti ìkarahun ìgbín mọ́ igi lẹ́bàá oko rẹ̀, ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé olóko ti sọ̀rọ̀. Ológbò kò mọ ìkarahun. Tirẹ̀ yóò bá ara sọ̀rọ̀ ni. Kò ní lu ẹnikẹ́ni, kò ní jó ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ni yóò gbìn síni nínú, ẹ̀rù pọ́ńbélé, láìsí ohun tí à ń bẹ̀rù. Yóò máa gbọ́ bí ọkàn gbogbo ohun abẹ̀mí ṣe ń lù, torí ọkàn ẹnìkan kò lù bí ti ẹnìkejì. Ọkàn tí a bá ti so mọ́ orúkọ, ọmọ ìlú ni, kò ní fọwọ́ kàn án. Èyí tí kò bá lórúkọ, ẹranko ni. Bí ẹranko náà bá sì kọ̀ tí kò lọ, yóò sọ ẹ̀rù náà di ìlọ́po méjì láràárọ̀.

Baba Lánipẹ̀kun fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fi ohùn òun ti orúkọ tuntun pa, kí àlejò má bàa gba ẹ̀yìn wọlé wá jẹ oúnjẹ wọn. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, lójú gbogbo èèyàn, láti ẹnu òun nìkan ni orúkọ tuntun yóò ti máa wọ inú ààlè. Òun nìkan náà ló lè pa ààlè náà. Gbogbo wọn ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tí Àjàgbé bí, bí ọmọbìnrin. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá a. Ọkọ rẹ̀ wà níbi ìwakùsà ní apá kejì òṣùpá, ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, nítorí náà ilé bàbá rẹ̀ ló bímọ sí. Ilé náà wà nínú ọgbà gan-an, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri ìlú. Ẹnu ọ̀nà kan ló ní, inú ọgbà ló ṣí sí, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá sì ni láti ibẹ̀ dé géètì.

Ọmọ náà ké dáadáa nígbà tó wáyé. Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké! Èyí á máa pe àwọn èèyàn láti orí òṣùpá dé ilé ayé.” Àjàgbé gbé ibi ọmọ náà, ó sin ín síwájú fèrèsé yàrá, ó tẹ ilẹ̀ náà pa. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó rántí ohun tí àwọn ológbò wọ́ kiri lọ́dún tó kọjá. Ó hú òpó keje níbi tó wà, níbi tí agbára rẹ̀ kò ti dé inú ilé, ó sì tún un rì sí ẹ̀gbẹ́ ibi náà, kò ju apá méjì sí ògiri ilé. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tán, igbe ọmọ náà dákẹ́.

“Ó ti sùn,” ni agbẹ̀bí wí nínú ilé.

Kò sùn. Ní ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò ṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, kò tíì pa á dé. Ó di ẹ̀ṣẹ́ débi pé èékánná rẹ̀ kéékèèké gé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá fi ọmú sí i lẹ́nu, yóò mu ún lẹ́ẹ̀kan, yóò jáwọ́, yóò máa wo igun yàrá. Agbẹ̀bí fi etí lé e láyà, ó sì gbé orí sókè wéré.

“Kí lẹ gbọ́, Màmá?” ni Àwẹ̀ró bi í.

“Ọkàn rẹ̀ ń sáré.”

“Ṣé ti ìkókó kì í sáré ni?”

“Kì í sáré báyìí, ọmọ mi. Ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.”

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kì í, wọ́n kọrin fún un. Wọ́n wo gbogbo ara rẹ̀ bóyá kòkòrò kan ló ta á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, Àwẹ̀ró gbé ọmọ náà fún bàbá rẹ̀. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ bá mi gbé e. Ọmọ yìí ń lọ. Mo mọ̀ pé ó ń lọ.”

Àjàgbé gbé e mọ́ àyà, ó gbé e lọ sí ẹ̀bá fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè kàn án. Ọmọ náà le gbagidi lápá rẹ̀. Ó yí ojú síta, ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Àjàgbé ti rí ẹnu báyẹn rí. Ó wo ibi tí ọmọ náà ń wò. Dígí tó dàbí ẹyin ń wò wọ́n láti orí òpó keje.

Ó gbé ọmọ náà padà fún un, ó rọra rìn títí ó fi kọjá géètì, lẹ́yìn náà ló wá sáré.

Dókítà Ìbídùnní wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tó já wọlé. Kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi ṣí ìwé ààlè, èyí tí òpó kọ̀ọ̀kan ń kọ ohun tó bá gbọ́ sí. Ó kà á, ó sì dìde dúró.

“Kí ló wà níbẹ̀, Dókítà? Ẹ kà á síta. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé.”

“Òpó keje,” ni obìnrin náà wí. “Ó ní ẹranko kékeré kan wà lẹ́yìn ògiri. Kò lórúkọ. Ó ti lé e fún ọjọ́ mẹ́rin, kò lọ. Ó ti sọ ẹ̀rù náà di ìlọ́po mẹ́jọ.”

“Nínú ìyá rẹ̀ ńkọ́? Kí ló dé tí kò bá a jà nínú ìyá rẹ̀?”

“Ọkàn ìyá rẹ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà tó jáde ló di ẹni tí ààlè kò mọ̀.”

“Kí n gbé e jáde ńkọ́?”

“Ẹ ó gbé e gba ẹ̀gbẹ́ òpó náà kọjá, Bàbá Àwẹ̀ró. Ní ìlọ́po mẹ́jọ. Ọkàn rẹ̀ ò ní lè gbà á. Bí ẹ bá sì hú òpó náà báyìí, gbogbo agbára tó ti kó jọ ni yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan.”

Wọ́n jọ lọ bá Baba Lánipẹ̀kun. Wọ́n bá a níbi tó máa ń jókòó sí lábẹ́ òrùlé dígí, tó ń wo ilé ayé tó gbé kọ́ lójú ọ̀run. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Àjàgbé dọ̀bálẹ̀, kò dìde.

“Bàbá, ẹ dákun, ẹ wá sọ ọmọ náà lórúkọ lónìí.”

“Ọjọ́ rẹ̀ pé mélòó?”

“Mẹ́rin, Bàbá.”

“Mẹ́rin! Àjàgbé, ṣé o ti fi orí gbá òrùlé ni? Àlejò ni ọmọ títí ọjọ́ kẹjọ. Kò tíì jókòó, o fẹ́ béèrè orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀!”

Dókítà Ìbídùnní, tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Bàbá arúgbó náà fetí sí i dé òpin.

“Bí ẹ kò bá ní sọ ọ́ lórúkọ, Bàbá,” ni obìnrin náà wí, “ẹ jẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ wá, kí ẹ fi ohùn pa ààlè náà.”

“Kí wọ́n tún wá hú ibi ọmọ yìí náà? Kí n tún dúró, kí n máa wò ó lórí irin? Ọmọ ìwé, ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Èmi ni ejò bù jẹ o, kì í ṣe ìwọ.”

“Ológbò lẹ ń bẹ̀rù, ààlè ló ń pa ọmọ.”

“Ta ló ṣe ààlè?”

“Èmi ni,” ni Ìbídùnní dáhùn. “Èmi ni mo ní ẹni tí kò lórúkọ, ẹranko ni. Ẹ̀yin lẹ ní orúkọ tuntun kò gbọdọ̀ wọlé àfi lọ́jọ́ kẹjọ. A jókòó yí tábìlì kan ká, àgbà àti ọ̀mọ̀wé, kò sí ẹnìkan nínú wa tó rántí pé ọjọ́ méje wà nínú ayé ọmọ Yorùbá tí kò ní orúkọ.”

Baba Lánipẹ̀kun fi ọwọ́ bo ojú. “Bí mo bá pè é kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, tó bá padà lọ, ọrùn ta ni yóò wà? Bí mo bá pa ààlè, tí wọ́n hú ibi rẹ̀, tó kú, ọrùn ta ni? Ẹ jẹ́ kí n ronú. Ẹ padà wá bá mi lọ́la.”

Lọ́la, ààlè yóò ti di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún.

Wọ́n ń padà bọ̀. Àjàgbé kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọdún mẹ́tàdínlógún lo irinṣẹ́, ó mọ ibi tí irinṣẹ́ ń gbà tẹ̀. Ó dúró lójijì.

“Dókítà. Alágbẹ̀dẹ tí wọ́n fi ọkàn onírin sí láyà lóṣù tó kọjá, ṣé kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ ò lù bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ààlè kọ́kọ́ lé e.”

“Báwo lẹ ṣe ṣe é?”

“Orúkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ó dúró níwájú òpó, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n tú orúkọ òun kúrò lára ọkàn àtijọ́, kí wọ́n so ó mọ́ tuntun. Kò nílò ohùn Bàbá…” Obìnrin náà yíjú. Ó wò ó. “Rárá o. Bàbá Àwẹ̀ró, rárá.”

“Èmi ni mo ni orúkọ mi.”

“Ẹ ó wà lẹ́bàá òpó tó ti wà ní ìlọ́po mẹ́jọ. Tí ó bá ti tú orúkọ yín, ẹ̀yin lẹ di ẹranko tó dúró síbẹ̀. Àgbà ni yín, ọkàn yín kì í ṣe ti ọmọdé. Abo ológbò yẹn, ẹ̀rù ọjọ́ kìíní péré ló pa á.”

“Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni,” ni Àjàgbé wí. “Ọmọ yẹn kò ní ẹsẹ̀. Èmi ní.”

Ó ní kí Àwẹ̀ró gbé ọmọ náà dúró sójú fèrèsé. Àwẹ̀ró bi í ní ìdí, ó ní kó ṣáà gbé e. Ìbídùnní dúró sí géètì, ó ṣí i gbayawu, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ gba igbá. Àjàgbé kúnlẹ̀ síwájú òpó keje, ó fi ẹnu súnmọ́ dígí.

“Èmi ni Àjàgbé, ọmọ Ọdẹ́jìnmí. Tú orúkọ mi kúrò lára ọkàn mi.”

Òpó náà fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ béèrè ọkàn tí òun yóò so ó mọ́.

“Ọkàn tó wà lójú fèrèsé. Èyí tó kéré.”

Ó gbọ́ igbe. Igbe ìkókó ni, ó ròkè lálá, ó kún fún ìbínú àti ebi, igbe tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ mẹ́rin. Ó fẹ́ yíjú wò ó. Kò lè wò ó, torí pé ó ti ń sá.

Kò sí ohun tó rí. Kò sí ohun tó gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo eegun ara rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà lẹ́yìn òun, tí kò ní ojú, tí kò ní orúkọ, tó sì ti ń bọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Itọ̀ já lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ara wọn, ó ṣubú lé ebè ilá, ó fi orúnkún àti ìgúnpá wọ́. Ó gbàgbé pé òun ní ọmọ. Ó gbàgbé ohun tó mú òun wá síbẹ̀. Géètì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, Ìbídùnní ń pè é, ṣùgbọ́n kò rí géètì. Abẹ́ wáyà ló gbà jáde, níbi tí àwọn ológbò ń gbà, wáyà sì fa ẹ̀yìn rẹ̀ ya.

Nígbà tó padà mọ ara rẹ̀, orí irin ló wà, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ṣe bíríkì. Ọwọ́ rẹ̀ bo orí. Ìbídùnní jókòó tì í, ó ń sunkún, ó ń wí pé, “Ó ń mu ọmú, Bàbá Àwẹ̀ró. Ẹ gbọ́, ó ń mu ọmú. Ó ti pajú dé.”

Ọjọ́ mẹ́rin tó kù, ibẹ̀ ló gbé, torí ẹni tí kò lórúkọ kò lè wọ ọgbà. Àwọn ológbò tí kì í súnmọ́ ọn tẹ́lẹ̀ wá ń jókòó yí i ká. Ó ń wò wọ́n. Ó rí ọ̀dọ́ ológbò kan tó ń fi èékánná họ ilẹ̀ irin, tó ń họ ọ́ kíkankíkan, tó ń ké bí ẹni inú ń run. Ilẹ̀ náà kò gbẹ́. Àjàgbé wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó bu eruku òṣùpá tí àwọn oníbíríkì ti gbọ̀n sínú àpótí gbọọrọ kan, ó fa háríhá àgbàdo ya sínú rẹ̀ kó lè rọ̀, ó gbé e sí igun. Kò ju wákàtí kan lọ, ológbò mẹ́ta ti tò síbẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ keje ọmọ náà, àpótí náà ti di márùn-ún, kò sì sí ológbò kan tó tún bojú wo ọgbà.

Ìbídùnní wá wò ó. Ó tẹjú mọ́ àpótí náà fún ìgbà pípẹ́.

“Eruku,” ló wí. “Eruku tí a ń dà nù.”

Àjàgbé ń fa háríhá ya sínú èyí tó kàn. Kò sí ohun tó fẹ́ fi yangàn.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Baba Lánipẹ̀kun sọ ọmọ náà ní Ìtùnú. Orúkọ Àjàgbé padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá arúgbó náà ti rí àwọn àpótí náà fúnra rẹ̀. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó fi ohùn pa ààlè lójú gbogbo ìlú, wọ́n sì hú òpó méjèèje, wọ́n yọ́ wọn. Ó wá sọ́dọ̀ Àjàgbé, ó gbá a lọ́wọ́ mú, ó ní, “Má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí.” Àjàgbé ní, “Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa báyìí.” Ọkọ Àwẹ̀ró ti dé, ó wá ilé mìíràn fún wọn láàárín ìlú, Àwẹ̀ró sì gba iṣẹ́ ọgbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, títí ẹ̀yìn bàbá náà yóò fi jinná.

Ẹ̀yìn rẹ̀ jinná. Oṣù mẹ́wàá kọjá, kò sì tíì padà wọ ọgbà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ní kí bàbá òun gbé Ìtùnú wá wo ilá tó ti so. Ó pọ̀n ọ́n wá. Ọmọ náà ń ṣeré lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń fà á létí, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n dé géètì, ó ṣí sílẹ̀. Ilẹ̀ náà dúdú, ó tutù. Ihò tí òpó keje wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gbin tòmátì sí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Bàbá mi, ẹ máa wọlé bọ̀!” ni Àwẹ̀ró ké láti àárín ebè. “Kí lẹ dúró ṣe?”

Àjàgbé gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ náà kò sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín ti dá. Ọmọ náà ti di ọrùn rẹ̀ mú, ó ń dì í mọ́ra sí i, àyà rẹ̀ kékeré sì ń sáré kíkankíkan mọ́ ẹ̀yìn bàbá àgbà, bí ti bàbá àgbà náà ṣe ń sáré.

Ó dá ẹsẹ̀ náà padà sórí irin.

“Bá wa já ilá náà wá síta,” ló wí fún ọmọ rẹ̀. “Ibí ni èmi àti Ìtùnú ó ti máa dúró.”